Ìpín Mánsúrù Nínú Orin Tíránsífọ́mà

Kì í ṣe pé Mánsúrù fẹ́ràn orin. Iná mànàmáná ló fẹ́ràn, nítorí pé láìsí i, ẹ̀rọ fọtokọ́pì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àpótí ìjókòó. Ìyàwó rẹ̀, Lateefat, tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ ọmọ lé e lórí. Kíósì onípákó ni ẹ̀rọ náà wà, lẹ́bàá gọ́tà, ní òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn ní Agbowó. Láti ìgbà tí tíránsífọ́mà òpópónà náà ti dún gbàmù lọ́sàn-án gangan nínú ọdún 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lábíyá. Wọn a yọjú wọlé, wọn a ní, "Ọ̀gá, iná ńkọ́?" kí Mánsúrù tó dáhùn, wọ́n ti sọdá sí òdìkejì títì níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké. Ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Bí ìdánwò yìí bá fi kọjá láìsí iná, kí Mánsúrù kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí, kó lọ máa bá bàbá rẹ̀ ro oko, ló kù.

Ìdí nìyí tí ó fi wà ní ẹ̀yìn àwọn ènìyàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nínú ọgbà Bàbá Ògúnsànyà, alága ẹgbẹ́ onílé. Àwọn onílé jókòó. Mánsúrù dúró, nítorí ẹni tó ni kíósì nìkan kì í jókòó níbi tí ẹni tó ni ilé bá jókòó sí.

"Ẹ̀yin ará," ni Alága wí, "a ti lọ rí Ẹnjiníà Ọlánípẹ̀kun ní ọ́fíìsì àwọn oníná. Tíránsífọ́mà wà."

Gbogbo wọn hó.

"Ẹ má tíì hó. Ẹnjiníà ní òun kò ní so ó fún wa àfi bí a bá fi orin gba òun lálejò."

"Orin?" Alhájà Nimotallahi, tí ó ni ilé alájà ńlá tó wà ní ìkángun òpópónà, yí ìdí padà lórí àga. "Ṣé orin ló wá di ọ̀wọ́n? Àwọn ayálégbé mi á kọ orin fún un títí tí yóò fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀."

"Orin tuntun ni, Alhájà. Orin tí àwa fúnra wa ṣẹ̀dá. Ó ní orin kan náà ni gbogbo àdúgbò fi ń pàdé òun, ó sì ti sú òun. Ó tún sọ pé àdúgbò tí kò bá lè para pọ̀ kọ orin kan, kò lè para pọ̀ lo tíránsífọ́mà kan."

Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó so orin pọ̀ mọ́ tíránsífọ́mà. Àdúgbò tó bá ti pẹ́ lókùnkùn kì í bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Alága nawọ́ sí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Túnráyọ̀ nìyí. Òun ló ń kọ́ àwọn akọrin ìjọ wa ní Bódìjà. Tísà, ẹ sọ fún wọn bí a ti ń ṣe orin."

Túnráyọ̀ dìde. "Orin kò le. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ wá ohùn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, kí ohùn má máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ní ìbẹ̀rẹ̀, tí í pe etí jọ. Ẹ ó ní lílé, tí ẹnì kan ń dá, tí í ro ẹjọ́ orin náà. Ẹ ó ní ègbè, tí gbogbo ènìyàn ń gbè, tí a kì í yí padà. Ẹ ó ní àtẹ́wọ́, kí ẹsẹ̀ yín lè máa lọ pọ̀. Nígbà tí etí bá ti mọ ọ̀nà tán, ẹ ó yà bàrá díẹ̀ kí orin má bàa súni, ẹ ó wá padà sílé, ẹ ó kádìí rẹ̀."

"Ó ti yé wa," ni Alága wí. "Ẹran ni."

"Báwo ni, sà?"

"Orí wà, àyà wà, itan wà, ìrù wà. A ó pín in."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, a kì í pín orin. Àpapọ̀ ni a—"

"Kí la kì í pín, Tísà? Lópin ọdún, bí a bá ra màlúù ẹgbẹ́, ṣé àpapọ̀ la máa ń gbé e lọ sílé ni? Ní òpópónà yìí, ohun tí a kò bá pín, ìjà ló ń dá sílẹ̀."

Àwọn onílé mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bá wọn lára mu. Gbogbo wọn ló rántí ọdún tí a kò pín ìfun dáadáa.

"Orí, ti alága ni," ni Bàbá Ògúnsànyà wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ ti di tèmi. Ìrù náà ti alága ni. Mo gba ìkádìí."

Alhájà na ìka sókè. "Tísà, èwo la ó kọ jù nínú wọn?"

"Ègbè ni, mà."

"Èmi ni mo ni ègbè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lábàá."

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìyáàfin Ọlárónkẹ́, gba lílé, nítorí òun ló máa ń ka ìròyìn ìpàdé tí a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Láwùmí, tí ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lójú ilé rẹ̀, gba àtẹ́wọ́. Ó ní ariwo ti mọ́ òun lára. Ìyàbàrá bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Gbádérọ̀, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kò lè sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀ láìkọ́kọ́ gba Íjíbítì kọjá. Nígbà tí ó kan ohùn, Túnráyọ̀ ní òun lè máa bá wọn mú un dání.

"Ẹ kì í ṣe ará òpópónà," ni Alága wí. "Ohùn di ti ẹgbẹ́. Ilé mi ni yóò máa wà."

Túnráyọ̀ wo ojú rẹ̀ bóyá eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré.

"Ó ku òfin kan," ni Alága tún wí. "Ẹni tí kò bá ní ìpín nínú orin, a kò ní fa wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ayálégbé wà lábẹ́ ìpín onílé rẹ̀. A kò ní kọrin kí ẹlòmíràn wá máa jẹ iná rẹ̀."

Inú Mánsúrù bà jẹ́. Kíósì rẹ̀ kò sí lábẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Lẹ́bàá gọ́tà ló wà, gọ́tà kò sì gba ìpín.

"Alága, sà," ni ó ké láti ẹ̀yìn. "Èmi ńkọ́?"

"Ta nìyẹn? Oní-fọtokọ́pì? Ẹran ti tán."

"Ẹ bá mi wo inú ìkòkò náà, sà. Nítorí Ọlọ́run. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù."

"Nígbà màlúù èṣí, kí la fún un?" ni Alhájà bèèrè.

"Pátákò," ni Ìyá Láwùmí dáhùn.

"Ṣé orin náà ní pátákò, Tísà?"

Túnráyọ̀ ronú. "Ó ku ìdákẹ́, sà. Lẹ́yìn ègbè kejì, kí a tó yà bàrá, gbogbo ènìyàn á pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yà orin lòun náà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, sà."

"Ẹ fún un," ni Alága wí. Ọgbà náà sì rẹ́rìn-ín títí tí adìẹ Bàbá Ògúnsànyà fi sá wọ abẹ́ mọ́tò.

Nígbà tí Mánsúrù délé, Lateefat ń gbálẹ̀.

"Kí ni wọ́n fún yín?"

"Ìdákẹ́."

"Mo ní kí ni wọ́n fún yín nínú orin, Bàbá Islamiat."

"Mo ti dá ọ lóhùn. Ìdákẹ́ ni."

Lateefat gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ lọ sí ìpàdé onílé, ẹ gbé òfo bọ̀ wálé."

"Ẹ̀yà orin ni. Tísà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Òjìji náà jẹ́ ẹ̀yà ènìyàn. Ta ló ń fún un lóúnjẹ?" Ó fa àga, ó jókòó. "Ó dára. Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

Mánsúrù dúró ṣánṣán, ó pa ẹnu dé. Lateefat fi etí sílẹ̀.

"Ẹ ń mí."

"Ṣé kí n má mí ni?"

"Èémí yín ń dún bí ẹni tó ń fẹ́ná. Bó bá jẹ́ ìdákẹ́ ni wọ́n fún yín, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lórí ìjókòó, ó tún un ṣe lórí ìdúró. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan yọjú sí kíósì, ó ní, "Ọ̀gá, iná ńkọ́?" Mánsúrù wò ó láìsọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún bèèrè. Mánsúrù tún wò ó.

"Ẹ má bínú, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí, ó sì sáré lọ.

Ìgbà náà ni Mánsúrù kọ́kọ́ rò ó pé ó ṣeé ṣe kí òun mọ orin kọ.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pé jọ láti dán orin náà wò. Ìgbà náà ló hàn gbangba pé olúkúlùkù ti gbé ìpín tirẹ̀ relé, ó sì ti bọ́ ọ bí àgbò ọdún. Alága ti fi orúkọ ara rẹ̀ àti gbogbo oyè tó jẹ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kún ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó tó sọ pé "Ẹ wá wo àlejò wa," àárẹ̀ ì bá ti mú àlejò. Ìyáàfin Ọlárónkẹ́ gba lílé, ó ní:

"Òkùnkùn bò wá, a kò rí ọwọ́ ara wa."

Ègbè tí Túnráyọ̀ kọ́ wọn kò ju èyí lọ: "Tàn án, tàn án, kó mọ́lẹ̀ kedere." Ṣùgbọ́n Alhájà ti fi ilé alájà ńlá kún un, ó fi ìlú Mẹ́kà tí ó ti dé kún un, ó sì ti fi àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun kún un níkọ̀ọ̀kan. Bàbá Gbádérọ̀ fẹ́ bá wọn gbè é.

"Bàbá," ni Alhájà wí, "ṣé ẹ ti jẹ tiyín tán ni?"

"Alhájà, ègbè ni. Tọmọdé tàgbà ló ń gbè é."

"Ègbè mi ni. Èmi kò bá yín yà bàrá, ẹ má bá mi gbè."

Nígbà tí wọ́n fi kọ ọ́ tán, oòrùn ti wọ̀. Alága nu ojú. "Ẹnjiníà kì í pẹ́ níbì kan. Orin yìí ti gùn jù. Kí la ó yọ?"

Gbogbo wọn wòkè. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wo Mánsúrù.

"Ohun tí kò sí," ni Alága wí, "kò le láti yọ."

"Ẹ jọ̀wọ́, Alága, ẹ má yọ mí," ni Mánsúrù wí. "Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ wáyà mi. Bí ẹ bá yọ wáyà mi, Ṣakí ni mo ń lọ."

"Ṣakí kò burú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù."

Túnráyọ̀ dá sí i. "Sà, bí ẹ bá yọ ìdákẹ́, orin náà kò ní rí ibi tí yóò ti mí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò láìsí i."

Wọ́n dán an wò. Èémí àwọn ayálégbé Alhájà ti tán, síbẹ̀ wọn kò rí ibi sinmi. Bàbá Gbádérọ̀ ti yà bàrá nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè òkun. Ìyá Láwùmí kò mọ ẹni tí òun ń pàtẹ́wọ́ fún, ọwọ́ rẹ̀ sì ba fìlà Alága.

"Ṣé ẹ rí i, sà?" ni Túnráyọ̀ wí.

Alága gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀. "Ìjà ni mo rí. N kò rí ìdákẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní rẹ́ ọ jẹ, Mánsúrù. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí àlejò bá gbọ́ ọ, o ní wáyà. Bí kò bá gbọ́ ọ, kò sí nínú orin nìyẹn, o kò sì ní wáyà."

"Báwo ni ènìyàn ti ń gbọ́ ìdákẹ́, sà?"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ alága. Ẹni tó ni ẹ̀yà ló ni wàhálà rẹ̀."

Mánsúrù jáde sójú títì, ó dúró, ó fetí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ń hó. Luqman tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ti yí ẹ̀rọ rẹ̀ sókè títí tí pákó fi ń gbọ̀n. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè níbi tí kò sí ẹni tó dí wọn lọ́nà. Ẹ̀rọ ata ń lọ láìsí ata nínú rẹ̀. Ó wá yé Mánsúrù pé wọ́n ti fún òun ní ohun tí kò sí níbikíbi ní Agbowó. Bí ó bá fẹ́ kó wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Ẹnjiníà ń bọ̀, àfi kó lọ máa tọrọ rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Luqman.

"Luqman, mo wá bẹ̀ ọ́. Lọ́la, bí o bá rí mi tí mo na áńkáṣífù funfun sókè, jọ̀wọ́, pa ẹ̀rọ rẹ. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, kí o tan án padà."

Luqman ṣí fìlà lórí. "Bọ̀dá Mánsúrù, ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú."

"Ẹ ní ká pa gbogbo nǹkan, ẹ tún ní kò sí ẹni tó kú. Ṣé bàbá yín ní Ṣakí ni?"

"Bàbá mi wà láàyè! Ìdákẹ́ ni mo ń wá."

"Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ wọn. A ó pa á."

Ó lọ bá onígbàjámọ̀, ẹni tó bèèrè bóyá kí òun fi abẹ sílẹ̀ sórí oníbàárà tàbí kí òun gbé e kúrò. Ó lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní ìkòríta.

"Ṣé ká gbé ọ̀kadà sórí ni?" ni olórí wọn wí.

"Ẹ pa á, kí ẹ tì í. Fún ìgbà díẹ̀."

"Kí èrò wa wà lórí rẹ̀ tí a ó máa tì í? Mánsúrù, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ṣùgbọ́n wọ́n gbà, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kú. Ìyá Láwùmí ló le jù. "Ẹ̀rọ mi, bí a bá pa á, bí ìyàwó tó ń bínú ni. A kì í mọ ìgbà tí yóò tún dáhùn."

"Ìyá, bí ẹ̀rọ yín bá ń ké, ta ni yóò gbọ́ àtẹ́wọ́ yín?"

Obìnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. "O sọ òótọ́. N ó pa á."

Nígbà tí ó padà délé, àga ti kún iwájú ilé. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Lateefat bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Islamiat, àwọn ènìyàn wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ìdákẹ́ yín! Ẹnì kan gbé ìrẹsì wá."

"Ṣé o sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó kú?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ oníná ti gbé tíránsífọ́mà tuntun sórí àga irin rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ku kí Ẹnjiníà pàṣẹ kí wọ́n so wáyà. Lọ́sàn-án, Ẹnjiníà Ọlánípẹ̀kun sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ọkùnrin tó sanra ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rìn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé tíránsífọ́mà náà wá lórí. Wọ́n fi í sórí àga onítìmùtìmù.

Orin bẹ̀rẹ̀. Alága ka oyè rẹ̀. Ẹnjiníà wo aago. Ọlárónkẹ́ lé e, Alhájà gbè é, ó dé Mẹ́kà, ó dé òkè òkun. Ẹnjiníà fọwọ́ pa ojú. Mánsúrù dúró lórí òkúta lẹ́bàá gọ́tà, áńkáṣífù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún lé e, wọ́n tún gbè é. Bí ọmọ Alhájà tó gbẹ̀yìn ti gúnlẹ̀ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kejì, Mánsúrù na áńkáṣífù sókè.

Jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ẹ̀rọ Luqman dá ọ̀rọ̀ sí méjì. Àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti èrò wọn lọ bí ìyá tó ń ti ọmọ. Ẹ̀rọ ata gbọ̀n, ó kú. Ìdákẹ́ sì dé sí òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Wọ́n gbọ́ ewé máńgòrò. Wọ́n gbọ́ omi tó ń lọ nínú gọ́tà. Alhájà gbọ́ ikùn ara rẹ̀ tó ń kùn, ó sì wo ẹlòmíràn pẹ̀lú ìbáwí.

Bàbá Gbádérọ̀ ń dúró kí Mánsúrù parí kí òun lè yà bàrá. Mánsúrù kò parí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ó ti fi kọ́ bí a ti ń dákẹ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ti ń ṣíwọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ àlejò ti gbọ́ ọ? Bí òun bá gbé áńkáṣífù sílẹ̀ kó tó gbọ́ ọ ńkọ́? Ẹnjiníà kò mi orí. Ojú rẹ̀ ti pa dé.

"Parí rẹ̀!" ni Alága ń fi ètè wí.

"N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ," ni Mánsúrù fi ètè dáhùn.

Nígbà náà ni Ẹnjiníà hanrun.

Alága dìde láti lọ fọwọ́ kàn án. Dírẹ́bà Ẹnjiníà sáré dí i lọ́nà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jí wọn. Kò sí iná ládùúgbò wọn ní Jericho. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ló yí wọn ká. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan oorun."

Òpópónà náà dúró. Apá Mánsúrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ró. Lateefat wá sẹ́yìn rẹ̀, ó fi orí ara rẹ̀ ti ìgúnpá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òógùn sọ̀ kalẹ̀ sí imú Mánsúrù, ó sín, áńkáṣífù sì bọ́ sínú gọ́tà. Luqman tan ẹ̀rọ. Ọ̀kadà fọn fèrè.

Ẹnjiníà fò sókè. "Ta ló pa á?"

"Ta ló pa kí ni, sà?" ni Alága bèèrè.

"Ibi tó dára nínú orin yẹn! Mo ń gbọ́ ọ bọ̀. Ta ló ni ín?"

Ẹnu Mánsúrù kò tíì ṣí tán tí Alága fi dáhùn. "Ohùn inú orin náà, sà, ilé mi ló ń sùn. Èmi ni mo ni ín."

"Irọ́!" ni Alhájà wí. "Inú ègbè tèmi ló ti jáde. Ẹ̀yìn ègbè ló wà, ohun tó bá wà lẹ́yìn ilé mi, tèmi ni."

Bàbá Gbádérọ̀ wúkọ́. "Ní ti òótọ́, ìdákẹ́ jẹ́ irú ìyàbàrá kan. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́—"

"Ẹ̀yin ará," ni Mánsúrù ké, "ṣé ẹ ò rántí ni? Ẹ ní pátákò ni!"

"Pátákò wo?" ni Alága wí. "Ta ló pe ohun tó dára báyìí ní pátákò?"

Ẹnjiníà na ọwọ́ sókè. "Kí ẹni tó ni ín tún un ṣe. Ẹni tó bá tún un ṣe, òun ni n ó kọ́kọ́ so wáyà fún."

Alága bọ́ síwájú. "Ìdákẹ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, sà, èmi Ògúnsànyà, alága ẹgbẹ́ onílé, olórí àwọn olùtọ́jú ẹrù nígbà kan rí—"

"Ẹ jókòó, sà."

Alhájà bọ́ síwájú, ó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún woroworo. Ó fara dà á díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Ẹ ṣeun, mà."

Bàbá Gbádérọ̀ ní kí òun tó dákẹ́, ó yẹ kí òun ṣàlàyé ohun tí òun kò ní sọ. Wọ́n ní kó máa lọ.

Mánsúrù kò ní áńkáṣífù mọ́. Lateefat tú gèlè funfun tó wà lórí rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ má mí sókè," ni ó wí.

Mánsúrù na gèlè náà. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Luqman dákẹ́. Àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń ráhùn, òun náà sì dákẹ́. Ewé máńgòrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Orí Ẹnjiníà tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí omi tutù ń kán sí lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, Túnráyọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan na ìka sí Mánsúrù, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, Mánsúrù sì sọ gèlè kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

"Òun ló ni ín," ni Ẹnjiníà wí. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ so kíósì yẹn kí ẹ tó so ilé kankan."

"Orin ò tíì parí, sà," ni Alága wí. "Ìkádìí mi ṣì—"

"Ó ti tó, Bàbá."

Wọ́n fa wáyà dé lẹ́bàá gọ́tà. Wọ́n so ti Mánsúrù, wọ́n so ti àwọn yòókù. Òṣìṣẹ́ kan gun òpó, ó fi ọ̀pá gígùn ti irin kan wọlé. Gílóòbù kan ṣẹ́jú nínú kíósì, ó sì tàn.

"Iná ti dé o!"

Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ké e. Láti ìkángun dé ìkángun, onílé, ayálégbé, ọlọ́kadà, oníbàárà tí a fá orí rẹ̀ dé àárín, gbogbo wọn gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, lóhùn kan náà, láìsí ẹni tó yà bàrá.

Túnráyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Orin nìyẹn," ni ó wí.

Alága gbọ́ ọ. Ó pàtẹ́wọ́ kíkan. "Ẹ dúró! Ẹ dúró! Ta ló ni èyí tí ẹ kọ yẹn? A kò tíì pín in!"

"Tèmi ni," ni Alhájà wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé ègbè ni?"

"Alhájà, orí ni!"

"Orí wo? Ìgbà wo ni orí ń wà lẹ́yìn?"

Lateefat fa ọkọ rẹ̀ lápá. "Bàbá Islamiat, ẹ ò ní lọ gba tiyín?"

Mánsúrù rọra yọ apá rẹ̀, ó wọ inú kíósì. Ó kó aṣọ ọmọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì ń fi gèlè funfun nu eruku ojú gíláàsì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìjọ́sí yọjú pẹ̀lú ìwé lábíyá, ó ń bẹ̀rù díẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"Mélòó lo fẹ́ ṣe?" ni Mánsúrù wí.